Èèpo Igi, Ẹ̀jẹ̀ Ìwọ́ àti Abẹ́rẹ́: Ìtàn Ogun Ibà láti Igbó Odígbó

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ kò ní í rìn jìnnà kó tó bá oògùn ibà pàdé. Oríta ni ìlú náà. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ló pàdé níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èrò tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ti máa ń dúró jẹun kí wọ́n tó tún wọ ọkọ̀. Láàárín àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyá alágbo to ìgò rẹ̀ sí, àgbo jẹ̀dí níhìn-ín, àgbo ibà lọ́hùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ibà oníhóró inú páálí. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, aláboyún ń gba nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Gbogbo ìwọ̀nyí, yálà ó ń lé ẹ̀fọn ni, tàbí ó ń lé ibà lẹ́yìn tó ti wọlé. Èyí tí ọmọdé lè gbà kí ara rẹ̀ ti dá ibà mọ̀ kí ó tó dé, kò sí níbìkankan láyé títí di àìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2023 ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ ní Nàìjíríà, kéde pé òun fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà kan tó ń jẹ́ R21. Ghana nìkan ló ṣáájú Nàìjíríà nínú ìyẹn, ọjọ́ mélòó kan péré ló sì fi ṣáájú.

Nígbà tí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, Yunifásítì Oxford ni wọ́n máa ń dárúkọ, wọ́n á dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà ní Íńdíà, wọ́n á sì dákẹ́. Ìdí ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà àti ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló kọ́kọ́ jẹ́rìí pé ara ènìyàn lè kọ́ bí a ṣe ń ja ibà, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n sì ti gba ẹ̀rí yẹn sílẹ̀ ni Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀ ju ìrìn-àjò ọjọ́ kan lọ.

Ṣùgbọ́n igbó ló ṣáájú.

Kí títì tó dé, igbó kìjikìji ni gbogbo agbègbè tí ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó jókòó sí lónìí. Ní 1872, nígbà tí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti ọ̀nà ilẹ̀ wọn mọ́ oníṣòwò lẹ́sẹ̀, John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán ìránṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Oǹdó kí ọ̀nà mìíràn lè là. Ọlọ́jà á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, á gba inú ọ̀sà dé Ayésàn, á wá ki ẹsẹ̀ bọ inú igbó títí yóò fi yọ sí Òde Oǹdó. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ń tọ̀. Charles Phillips, ọmọ Yorùbá tó wá di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oǹdó ní 1877, lẹ́tà àti ẹrù rẹ̀ sì ń gba ọ̀nà igbó yìí lọ sí Èkó.

Ibà wà nínú igbó náà lóòótọ́, àmọ́ òkùnkùn abẹ́ igi ńlá kọ́ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn. Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó burú jù fún ibà ní Áfíríkà, omi kékeré tí oòrùn ń tàn sí ló ń yé sí: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà, kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ bulọ́ọ̀kù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí kò ní gọ́tà. Níbi tí ewé bá ti di ojú ọ̀run pa, kò rí irú omi bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí àdá bá wọ igbó, tí igi wó, tí oòrùn kan ilẹ̀, ọjọ́ náà ni ẹ̀fọn rí ilé. Ní 1958, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frank Livingstone kọ ìwádìí kan lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di ìlú mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn onímọ̀. Ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wọ inú igbó ló gbé ibà wọlé tọ ènìyàn, ibà sì ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ AS tán láàárín wa, nítorí pé ọmọ tó ní i máa ń bọ́ lọ́wọ́ ikú ibà ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ AA lọ.

Bí ọ̀rọ̀ Livingstone bá rí bẹ́ẹ̀, Odígbó ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀fọn ń fẹ́. Àwọn agégẹdú wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ ìlagi tẹ̀ lé wọn. Àgbẹ̀ kòkó dé láti apá ilẹ̀ Yorùbá gbogbo, wọ́n dá àgọ́ sínú oko, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Oko rọ́bà àti ọ̀pẹ tún wá. Nígbà tí títì ọlọ́dà so Èkó mọ́ Benin, Ọ̀rẹ̀ tó jẹ́ abúlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ títí ó fi ju Odígbó tó ṣáájú rẹ̀ lọ, tí ó sì di olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìlú ń tóbi, igbó ń sún sẹ́yìn, ilẹ̀ tí oòrùn ń kàn ń gbòòrò.

Àwọn tó ń gé igi yìí náà ló mọ èèpo rẹ̀. Awọ́pa, tí àwọn mìíràn ń pè ní dókítà igbó, wà lára igi tí wọ́n ń wá kiri fún ibà. Bí a bá bó èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, omi tí a bá sè é sí á gba àwọ̀ náà, á sì korò. Wọ́n máa ń fi èèpo ahùn sí i, wọ́n máa ń fi ewé orúwọ sí i, àwọn kan á fi èèpo máńgòrò àti ewé ìbẹ́pẹ kún un. Dóńgóyárò tó gbajúmọ̀ jù lónìí, àlejò ni nínú ìkòkò. Íńdíà ni ilé rẹ̀, ìjọba amúnisìn sì ló gbìn ín sí ìhà àríwá Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1920, kó tó rìn wá sí gúúsù.

Àgbàlagbà a máa gbára lé àgbo. Ọmọdé ni ọ̀rọ̀ le sí. Bí ibà ọmọ kékeré bá gòkè, gìrì lè gbé e, ojú rẹ̀ á yí, eyín rẹ̀ á pa pọ̀. Ìyá tí ẹ̀rù bà á wá àgbo gìrì, tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àwọn ewé mìíràn ṣe, wọ́n á sì rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Ìbàdàn rí àbájáde rẹ̀ títí ó fi sú wọn: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ á wálẹ̀ pátápátá, ọmọ tí ibà ì bá fi sílẹ̀ á sùn, kò ní í jí mọ́. Ohun tí gbogbo ilé ní oko kòkó ń bẹ̀rù kì í ṣe ìgbóná ara. Gìrì ni.

Àwọn òyìnbó náà, èèpo igi ni wọ́n fi kojú ibà. Láti ara igi cinchona ti ilẹ̀ Peru ni Pelletier àti Caventou, ọmọ Faransé méjì, ti yọ kuiníìnì ní 1820. Iyì rẹ̀ fara hàn lórí odò Ọya. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gòkè odò náà. Ibà mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó inú wọn, ó sì pa púpọ̀. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad tún lọ, William Baikie tó jẹ́ dókítà ni olórí rẹ̀, ó sì ń fún wọn ní kuiníìnì déédéé. Ibà kò pa ẹnì kankan. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò méjèèjì, ó fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ibà ti ń wá. Ní 1880, Alphonse Laveran rí kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ sójà kan ní Algeria. Ní oṣù kẹjọ 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì ti ń wọ́ wá sí etíkun wa pẹ̀lú awò amúǹkan-tóbi.

Méjì nínú wọn, Stephens àti Christophers, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wò ní àwọn ìlú etíkun ní nǹkan bí 1900, Èkó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké kún fún kòkòrò ibà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń sáré kiri. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni kòkòrò ń dín kù lára rẹ̀, àgbàlagbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Robert Koch, ọmọ Jámánì, rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní New Guinea ní àsìkò kan náà.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fà yọ nígbà náà ni pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ni àká ibà, nítorí náà kí òyìnbó kọ́lé jìnnà sí i. Ìmọ̀ràn yẹn ló bí Hill Station ní Freetown ní 1904, àdúgbò òyìnbó lórí òkè, tí ó ní ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀. Ní Èkó, gómìnà kọ̀ ọ́. William MacGregor, tó wà nípò láti 1899 sí 1904, dókítà ni fúnra rẹ̀. Ó ní ìwọ̀sàn gbogbo ìlú ni òun yóò wá. Ó dí ẹrẹ̀, ó gbẹ́ odò tí wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀ láàárín Ìkòyí àti Èkó, ó pín kuiníìnì lọ́fẹ̀ẹ́ fún dúdú àti funfun. Ní 1901, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó dá Ladies' League sílẹ̀, Charlotte Olajumoke Obasa wà lára àwọn olórí wọn, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ àti kuiníìnì wọ ojúlé.

Ohun tí Stephens àti Christophers rí, òótọ́ ni. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ló kù díẹ̀ káàtó. Kí ló dé tí àgbàlagbà kò ní kòkòrò mọ́? Ó tó ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó rí ẹ̀rí tó dáhùn ìbéèrè yẹn.

Láàárín ìgbà náà, ẹ̀fọn ni wọ́n dojú ìjà kọ. Leonard Bruce-Chwatt, ọmọ Poland tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló darí iṣẹ́ ìwádìí ibà ní Yábàá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n fín oògùn sí ara ògiri ilé ní Ìlaròó láti wò ó bóyá ibà á kúrò nílùú kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1955, àjọ WHO kéde ogun àparun lórí ibà kárí ayé, ṣùgbọ́n Áfíríkà gúúsù Sàhárà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá: wọ́n ní ẹ̀fọn wa pọ̀ jù. Láti 1969 dé 1976, WHO àti ìjọba Nàìjíríà dán an wò ní Garki, ní ilẹ̀ Kano ìgbà náà. Wọ́n fín ilé, wọ́n pín oògùn fún ará abúlé. Ibà wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò lọ tán, ó sì padà nígbà tí wọ́n ṣíwọ́.

Oògùn inú páálí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń fún ọmọ ní Daraprim lọ́jọ́ ìsinmi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí oògùn Sunday-Sunday. Chloroquine, tí Hans Andersag ṣe ní Jámánì ní 1934, di oògùn ibà gbogbo ilé. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ara yún ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú títí wọn kò fi ní í lè sùn, àwọn onímọ̀ Ìbàdàn sì ṣèwádìí lórí ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lateef Salako, tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ oògùn ibà ní Ìbàdàn kó tó lọ darí ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, wà lára àwọn tó tọpa bí kòkòrò ibà ṣe ń kọ́ láti borí chloroquine. Ní 2005, ìjọba pa chloroquine tì, ó gba àpòpọ̀ oògùn ACT wọlé, tí artemisinin inú rẹ̀ ti ara ewé kan ní Ṣáínà wá. Tu Youyou tó ṣe awárí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1960 ni ìbéèrè àgbàlagbà yẹn rí ìdáhùn, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i.

Ní 1961, Sydney Cohen àti Ian McGregor gba ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà ní Gambia, wọ́n yọ apá kan nínú omi rẹ̀ tó ń jẹ́ gamma globulin, wọ́n sì gún un fún àwọn ọmọ tí ibà ń bá jà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wálẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, èsì bẹ́ẹ̀ jáde láti Ìbàdàn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Àwọn tó kọ ọ́ ni Joseph Chike Edozien, ọmọ Asaba, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Ìbàdàn, Herbert Gilles, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Malta, àti ẹlẹgbẹ́ wọn, Udeozo.

Ohun tí àwọn ará Ìbàdàn fi kún un ṣe pàtàkì. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun, èyí tí wọ́n ì bá dà nù pẹ̀lú olóbì. Ọmọ tí ìwọ́ yìí so mọ́ ìyá rẹ̀ kò tíì rí ẹ̀fọn rí láyé. Síbẹ̀, gamma globulin inú ìwọ́ náà lágbára láti lé kòkòrò ibà sẹ́yìn lára ọmọ tó ń ṣàìsàn. Kò sí ibòmíràn tó lè ti wá ju ara ìyá lọ. Ìyá ti jìyà ibà láti kékeré, ara rẹ̀ ti kọ́ ìjà, ó sì ti fi ohun ìjà náà ránṣẹ́ sí ọmọ kó tó bí i.

Èyí tú àdììtú kan tí àwọn agbẹ̀bí ti rí láìmọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tuntun kì í tètè ní ibà líle. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí, tí ohun tí ìyá fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ni ibà máa ń wá a wá. Ọmọ tó bá la ìgbà náà já, tó ń ní ibà lọ́pọ̀ ìgbà, ara tirẹ̀ náà á kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í là á já. Gilles, tó tún darí ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ìgbésí ayé abúlé Akùfọ̀ lẹ́bàá Ìbàdàn, mọ ìyẹn dáadáa.

Bí ara bá lè kọ́ ìjà, a jẹ́ pé a lè kọ́ ọ láìjẹ́ kí ibà fúnra rẹ̀ ṣe olùkọ́. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára dúró lé.

Ọdún 1967 ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú, ọdún tí gbogbo Nàìjíríà rántí Ọ̀rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, nínú ogun abẹ́lé, ni ọmọ ogun Biafra, tí Victor Banjo jẹ́ ọ̀gá wọn, wọ Benin, wọ́n sì ń bọ̀ ní ọ̀nà Èkó. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n dé, ibẹ̀ ni wọ́n mọ, títí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi lé wọn padà. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àfiwé lẹ́nu Yorùbá títí dòní. Ní ọdún yẹn kan náà, ní New York, obìnrin kan tí wọ́n bí sí Vienna, tó dàgbà sí Brazil, Ruth Nussenzweig, tẹ ìwádìí kan jáde. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kòkòrò ibà láti inú ẹ̀fọn, wọ́n yin ín ní ìtànṣán X-ray kó lè rọ, wọ́n sì fún àwọn eku. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku náà ní kòkòrò tó yè kooro, èyí tó pọ̀ nínú wọn kò ṣàìsàn.

Ogun tó dé Ọ̀rẹ̀ ló tú àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ká. Edozien fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní North Carolina. Ó padà wálé, ó sì jẹ Asagba Asaba ní 1991, orí oyè náà ló wà títí ó fi wàjà ní 2024. Ní Ìbàdàn, iṣẹ́ kò dúró. Ní 1969 àti 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Usanga wà lára wọn, ṣàlàyé bí kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ilé gbé nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí èròjà G6PD kò tó nínú rẹ̀, àti bí ẹ̀jẹ̀ AS ṣe ń tètè tẹ̀ bíi dòjé nígbà tí kòkòrò bá wọ inú rẹ̀.

Àwárí Nussenzweig dára, àmọ́ kò sí bí a ṣe lè fi ẹ̀fọn tí a yin ní ìtànṣán gún ọmọ gbogbo ayé lábẹ́rẹ́. Ìjẹ ẹ̀fọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún ni ẹnì kan nílò kí ara rẹ̀ tó gbọ́n. Àwọn onímọ̀ wá ń wá apá ibi tí ara ń dá mọ̀ lára kòkòrò náà. Wọ́n rí i pé ẹ̀wù kan ló wọ̀ nígbà tí ẹ̀fọn bá kọ́kọ́ tu ú sínú ẹ̀jẹ̀, kó tó sáré lọ fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Ní 1984 ni wọ́n ka àbùdá ẹ̀wù yìí. Ní 1987, èsì abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ ìwádìí àwọn sójà Amẹ́ríkà, Walter Reed: nínú èèyàn mẹ́fà tó gbà á, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn oníbà jẹ, ẹnì kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ ibà. Dókítà Ripley Ballou, tó wà lára àwọn tó ṣe é, gún ara rẹ̀, ibà sì gbé e dè.

Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Belgium, tó di GSK lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí RTS,S. Wọ́n lẹ apá kan lára ẹ̀wù kòkòrò ibà mọ́ èròjà abẹ́rẹ́ hepatitis B, irú èyí tí wọ́n ń gún fún ọmọ Nàìjíríà lọ́jọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n ara kò kọbi ara sí i tó. Ohun tó jí ara dìde ni èròjà kan tí wọ́n ń yọ láti ara èèpo igi Quillaja ti ilẹ̀ Chile, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ṣe ọṣẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, mẹ́fà nínú èèyàn méje ló bọ́ nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997. R21 ti Oxford náà, èèpo igi yẹn kan náà ló wà nínú rẹ̀. Alágbo Ọ̀rẹ̀ tó ń bó èèpo awọ́pa kò mọ̀ pé òun àti àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ jọ ń wá nǹkan lára igi.

Ìdánwò ńlá RTS,S bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ní orílẹ̀-èdè méje: Burkina Faso, Gabon, Ghana, Kenya, Malawi, Mozambique àti Tanzania. Ọmọ 15,459 ló kópa. Nàìjíríà tí ibà ń pa ọmọ jù lágbàáyé kò sí lára wọn. Nígbà tí ìdánwò parí ní 2014, wọ́n rí i pé láàárín àwọn ọmọ oṣù márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún tó gba abẹ́rẹ́ mẹ́rin, ibà dín kù ní ìwọ̀n bí 36 nínú 100 láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Iye náà kò ga bíi ti abẹ́rẹ́ ìgbóná. Ṣùgbọ́n ní 2019, Malawi, Ghana àti Kenya bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún ọmọ wọn, ikú ọmọdé sì dín kù. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá 2021, WHO gbà á wọlé. Adrian Hill ti Oxford àti Halidou Tinto ti Nanoro ní Burkina Faso sì ti ń dán R21 wò nígbà náà. R21 kò wọ́n tó RTS,S, Serum Institute of India sì lè ṣe púpọ̀ rẹ̀. WHO fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá 2023.

Cameroon ló kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ibà sí inú abẹ́rẹ́ ọmọdé tó wà déédéé lẹ́yìn àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta ti 2019, ní oṣù kìíní 2024. Orílẹ̀-èdè Benin náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, a sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Ti Nàìjíríà dé ní oṣù kẹwàá 2024, nǹkan bí 846,000 ìwọ̀n abẹ́rẹ́ R21, ìpínlẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀: Kebbi ní àríwá, Bayelsa ní gúúsù. Oǹdó kò sí lára méjì àkọ́kọ́ yẹn. Iye náà kò lè kárí: gẹ́gẹ́ bí ìṣirò WHO fún 2023, ènìyàn 597,000 ni ibà pa lágbàáyé, Nàìjíríà nìkan ló sì ni nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá nínú wọn.

Ìgbà tí wọ́n yàn láti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà, oṣù karùn-ún ọmọ, bá ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ sọ ní Ìbàdàn mu: ìgbà tí ohun ìjà tí ìyá fi ránṣẹ́ ń tán lọ. Mẹ́ta á tẹ̀ lé ara wọn lóṣooṣù, ẹ̀kẹrin á jìnnà díẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà agbègbè bí Odígbó wà. Ìyá tó ń gbé ní Ọ̀rẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi abẹ́rẹ́. Èyí tó wà nínú àgọ́ kòkó á gun ọ̀kadà ní ọ̀nà ẹrẹ̀, ó sì ti parí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, kò sì retí pé wọn yóò tún pè é títí di ìgbà ti èéyi (measles) ní oṣù kẹsàn-án. Abẹ́rẹ́ ibà á béèrè pé kó tún wá ní oṣù tí kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ dán an wò, ìgbà kẹrin ni ọ̀pọ̀ ìyá pa jẹ. Abẹ́rẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n mẹ́jọ lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, nítorí náà láti Àkúrẹ́ dé àgọ́ tó jìnnà jù, fìríìjì àti yìnyín gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ibi tó bá dúró sí, kí oṣìṣẹ́ ìlera tó gbé e kọ́ èjìká wọ oko.

Níbi tí abẹ́rẹ́ náà bá sì dé, nẹ́ẹ̀tì kò ní í di àkísà, ACT kò ní í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, bẹ́ẹ̀ ni òjò á ṣì máa kún kòtò ẹ̀gbẹ́ títì tí oòrùn ń tàn sí. Iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ náà gbà ṣe ni kí ọmọ tó wà ní àgọ́ kòkó la ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ já, ìgbà tí gìrì ń gbé ọmọ lọ, kí ara tirẹ̀ tó gbọ́n bíi ti àwọn àgbàlagbà tí Edozien àti Gilles gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní Ìbàdàn.